Ìkòkò Tí Kò Gbọdọ̀ Kan Ilẹ̀ Títí Dé Adágún Ọ̀ṣìn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn, nítorí ohùn mi kì í ṣe ohùn àtijọ́ mọ́. Ẹni tó bá wá gbọ́ bí mo ṣe pa ẹkùn, kó fara balẹ̀ di ọjọ́ mìíràn, torí n kò pa ohun kankan nínú ìtàn tòní, bẹ́ẹ̀ ìbọn wà léjìká mi, ẹ̀tù sì kún inú rẹ̀. Èmi Ọdẹ́lékè, ọmọ Ọdẹ́jìnmí, èmi tí mo ti sùn nínú igbó tí àwọn ọdẹ mìíràn ń fi ẹnu lásán wọ̀, mo fẹ́ sọ fún yín bí mo ṣe la Igbó Ẹlẹ́gùn-ún já pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ lórí bí ìyàwó tó ń ti odò bọ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Inú bí mi lọ́jọ́ náà láti àárọ̀ títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀, ó sì ṣì ń bí mi díẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Kí ohun tó ń bí mi nínú lè yé yín, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ Adágún Ọ̀ṣìn. Omi náà wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn igbó, ti ìdílé wa sì ni láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa mú, ẹnikẹ́ni nínú wa kì í ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí omi bá wá fà, tí ẹja ń fò sókè nítorí àyè tó há, àwọn àgbà á dá ọjọ́ kan, gbogbo ilé á sì lọ pẹja: ọkọ, aya, arúgbó, ọmọ ọwọ́, títí dé àwọn ọmọ ilé tó ti wà nílé ọkọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni lọ́dún. Bí oòrùn bá yọ, omi ṣí. Bí oòrùn bá wọ̀, omi tì, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí a bá ti jẹ iṣu tuntun tán ni mo ti máa ń yọ ìyá mi lẹ́nu pé ṣé omi ti ń fà. Bí ọyẹ́ bá kọ́kọ́ fẹ́, tí ètè wa bẹ̀rẹ̀ sí í là, àwọn ẹlòmíràn á máa wá òrí, èmi á máa jó, torí mo mọ̀ pé ọjọ́ adágún ti ń bọ̀.

Ọ̀nà méjì ló lọ síbẹ̀. Ọ̀kan yí òkè po, ó tẹ́jú, kò sí ewu níbẹ̀. Òun ni àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé àti àwọn tó ru àwọ̀n máa ń gbà. Èkejì la Igbó Ẹlẹ́gùn-ún já, ọdẹ ìdílé nìkan ló sì ń gbà á, torí òun ni yóò ru ìkòkò tí a ó fi se ẹja àkọ́pa. Òfin ìkòkò náà le. Láti ìgbà tí wọ́n bá ti gbé e lé ọdẹ lórí lẹ́nu ọ̀nà ilé, kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ títí yóò fi dé etí omi. Bí kò bá sì tíì dé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n. Wọ́n ní adágún fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ta sì ni èmi tí n ó máa bá omi jiyàn.

Bàbá mi ló ń ru ìkòkò náà nígbà ayé rẹ̀. Àwa ọmọdé á dúró sétí omi, a ó máa wo ẹnu igbó, bí a bá sì ti rí ìkòkò dúdú náà tó yọ láàrin ewé, gbogbo ilé á hó, àwọn ìyá mi á máa kì í, omi á sì ṣí. Ní ojú mi, kò sí ọba tó ń wọ̀lú tó dà bíi rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí kò yé mi ni pé ojú bàbá mi máa ń le koko bó bá dé. Á sọ ìkòkò kalẹ̀ níwájú ìyá mi, á wò ó, ìyá mi á sì máa wo ibòmíràn. Mo rò pé iyì iṣẹ́ náà ló mú ojú rẹ̀ le, mo sì ń retí ọjọ́ tí ojú tèmi náà yóò le bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi kú ní ìparí òjò. A kò pẹja ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, nítorí ọ̀fọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọdún yí po tí wọ́n ní èmi ni n ó ru ìkòkò, ìrètí ọdún méjì ló kún inú mi. Mo tún àwọ̀n ṣe. Mo hun ìgèrè tuntun, agbọ̀n tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde, bẹ́ẹ̀ ìgèrè àtijọ́ kò tíì bàjẹ́. Ayọ̀ká, ìyàwó mi, ní bí mo bá ń wo òun bí mo ṣe ń wo ojú ọ̀run láti mọ̀ bóyá òjò ti lọ tán, òun ì bá ti sanra. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá mi, Abẹ̀ní, gbé ìkòkò jáde fúnra rẹ̀. Ó ti darúgbó gan-an nígbà yẹn, igi ló fi ń rìn, wọ́n sì ti ní kí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì í yí òkè po. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, ó gbé òṣùká lé mi lórí, ó gbé ìkòkò lé e, ó sì di etí mi mú bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Ọdẹ́lékè," ni ó wí, "orúnkún mi ti sọ fún mi pé lọ́tẹ̀ yìí nìkan ni òun máa gbé mi dé ibẹ̀ mọ. Mo fẹ́ ju àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó jókòó sílé. Má ṣe jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá wa. Má sì sọ ìkòkò kalẹ̀."

Mo ní kí ó má ṣèyọnu. Mo ní kí wọ́n tó fọ ojú tán lọ́hùn-ún ni n ó ti dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọdẹ tí kò tíì fi ìkòkò lórí rìn nínú igbó ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

N kò tíì rìn jìnnà tí ìyọnu fi bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò náà wúwo, ọrùn rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ fẹ̀, gbogbo okùn àti ẹ̀ka igi tó wà nínú igbó náà ló sì fẹ́ bá a gbé. Ọwọ́ kan wà lára ìkòkò, èkejì ń ti ẹ̀gún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbọn ń gbá mi ní ìbàdí. Mo yọ sí ibi gbalasa kan, ni mo bá rí ìgalà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa: akọ ìgalà ni, ó sanra, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí mi, ibi tó dúró sí kò ju ibi tí ọmọdé lè sọ òkò dé. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣọdẹ, ẹran kankan kò dúró fún mi báyìí rí. Mo mú ọwọ́ lọ síbi ìbọn, ìkòkò mì. Mo dá ọwọ́ padà, ìkòkò dúró. Mo gbìyànjú láti fi ọwọ́ kan ṣoṣo gbé ìbọn, ẹnu rẹ̀ wá kọjú sí ẹsẹ̀ ara mi. Ìgalà wò mí, ó wo ìkòkò, ó jẹ koríko díẹ̀, ó sì rọra rìn kọjá níwájú mi bí olówó tó ń kọjá níwájú ẹni tí kò ní nǹkan. Ẹ mọ̀ pé àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní í fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi ro ìṣẹ́, mo ro ìyà, n kò sì tún rí ẹran pa. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bi ara mi léèrè pé ta tiẹ̀ ló dá òfin yìí sílẹ̀.

Ibi tí mo ti ń kùn ni mo ti bá Bàbá Ẹ-Kú pàdé. Àwọn ọdẹ àtijọ́ ti sọ fún mi nípa rẹ̀, mo sì rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni. Ẹ̀dá kan ni, ó jókòó sáàrin ọ̀nà, etí rẹ̀ tóbi bí ewé kókò, irùngbọ̀n rẹ̀ sì pín sí méjì: ó so apá kan mọ́ igi ọ̀tún, ó so apá kejì mọ́ igi òsì, ó fi dí ọ̀nà pa. Ẹni tí kò bá kí i dáadáa kò lè kọjá. Mo kí i. Ó ní òun gbọ́, ṣé mo jí dáadáa. Mo ní mo jí dáadáa. Ó béèrè ìyá mi. Ó béèrè ìyàwó mi, àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ará ilé ìyàwó mi, àwọn adìẹ mi, àti òrùlé wa tó jò lọ́dún tó kọjá, n kò sì mọ ẹni tó sọ fún un pé ó jò. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, nítorí náà mo dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń rò ó pé àwọn ará ilé ti fẹ́ dé etí omi báyìí. Nígbà tí ìkíni náà tán, ojú rẹ̀ yí padà.

"O kí mi, ó dára," ni ó wí, "ṣùgbọ́n ìdúró ni o wà tí o fi kí mi. Ta ló tọ́ ọ dàgbà?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi ohun tó wà lórí mi hàn án, mo ní bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ìkòkò á kan ilẹ̀, òfin sì kọ̀ ọ́.

"Bí orí rẹ kò bá lè wálẹ̀," ni ó wí, "rán ohun tìrẹ tó lè wálẹ̀ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. N kò fẹ́ aṣọ, n kò fẹ́ ìbọn. Mo fẹ́ ohun tó jẹ́ tìrẹ, tí o kò rà, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè gbà lọ́wọ́ rẹ."

Mo dúró, mo ronú títí òógùn fi bo ojú mi. Oòrùn àárọ̀ ń jó mi lẹ́yìn ọrùn. Bí mo ṣe fẹ́ nu ojú ni mo wo iwájú mi, mo sì bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá," ni mo wí, "ẹ wo ilẹ̀. Òjìji mi ti dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ìgbà tí mo ti dé, ó nà gbalaja, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ yín. Ẹ̀yin ni ẹ kò tíì dá a lóhùn."

Ó wo ilẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí igi tí irùngbọ̀n rẹ̀ wà lára wọn fi mì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ó tán. Gbogbo àwọn tó ti béèrè, títí dé àwọn adìẹ, ló tún ní kí n bá òun kí, ó sì ń dúró kí n dáhùn pé wọn yóò gbọ́. Nígbà tí mo kọjá, ó pè mí láti ẹ̀yìn. Ó ní ẹ̀kọ́ ilé mi dára, kí n ṣọ́ra fún un. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tí mo dé ibi kòtò jíjìn kan tó gba àárín igbó kọjá. Igi ńlá kan ló wó dábùú rẹ̀, òun sì ni afárá. Àwọn iwin kan jókòó lé orí rẹ̀, ọkọ àti aya pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ẹsẹ̀ gbogbo wọn kọjú sẹ́yìn, wọ́n sì ń jà. Itan ẹran tútù kan wà láàrin wọn. Ó jọ pé ìkòkò wọn ti fọ́ láti ìgbà òjò, ọkọ ń sọ pé aya ló fọ́ ọ, aya ń sọ pé ẹni tó bá mọ ìkòkò í mọ ni kó lọ mọ òmíràn. Bí wọ́n ṣe rí mi, ìjà parí. Gbogbo wọn ń wo orí mi. Aya náà dìde, ó ní mo kú ìrìn, ó ní kí n gbé ìkòkò náà kalẹ̀ kí òun fi se ẹran, lẹ́yìn náà kí n máa lọ. Mo ní kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Ó ní, "Gbé e lé ààrò. Ààrò kì í ṣe ilẹ̀, òkúta ni."

Mo ní, "Kí ni òkúta náà jókòó lé?"

Ó ní, "Ilẹ̀. Ó dára, gbé e kọ́ igi."

Mo ní, "Kí ni igi dúró lé?"

Inú mi ti ń dùn pé mo ń borí, ni obìnrin náà bá fi ọwọ́ lé ìbàdí. Ó ní, "Ìwọ tí ìkòkò wà lórí rẹ, kí ni ìwọ dúró lé?"

Ẹ̀yin èèyàn, iwin ló bi mí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ iwin ń rẹ́rìn-ín. Mo ronú kan òfin náà, mo rí i pé bí a bá tú u wò dáadáa, kò ní orí, kò ní ìdí, inú sì tún bí mi sí ẹni tó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ kì í gbà pé òun kò mọ̀.

Mo ní, "Èmi ń lọ ni. Ohun tó bá ṣì ń lọ kò tíì dé ilẹ̀."

Ọkọ náà ní ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í se ẹran, bí ebi bá sì ń pa wọn, àwọn kò ní í dìde lórí igi. Ìgbà yẹn ni mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi sun ún. Wọ́n wo ara wọn. Ẹ gbọ́ nǹkan, àwọn iwin yìí kò mọ ẹran sísun rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé, sísè ni wọ́n ń sè é. Ni èmi Ọdẹ́lékè, tí ìyá mi ń dúró dè létí omi, bá di olùkọ́ ẹran sísun pẹ̀lú ìkòkò lórí. Mo ní kí wọ́n dáná. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ igi ṣóńṣó, bí wọ́n ṣe ń gún ẹran mọ́ ọn, bí wọ́n ṣe ń yí i. Wọ́n ń sun ún jóná, mo ń ní kí wọ́n fà á sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n tọ́ ọ wò, ìyọnu tuntun ló tún dé, torí ọpẹ́ wọn gùn ju ìjà wọn lọ. Wọ́n ní n kò lè lọ láìjẹun. Mo jókòó lé kùkùté, ọrùn mi le gan-an, mò ń jẹ ẹran láìlè tẹrí ba, àwọn ọmọ wọn sì ń bù ú sí mi lẹ́nu. Ẹran náà dùn. Inú bí mi pé ó dùn. Nígbà tí wọ́n fi jẹ́ kí n kọjá, oòrùn ti yí sí ìwọ̀-oòrùn, ó wá ń jó mi lójú.

Mo wá ń sáré, ìyẹn irú eré tí ẹni tó ru ìkòkò lè sá. Mo ń rí ìyá mi níwájú mi, àwọ̀n lórí itan rẹ̀, tó ń wo ẹnu igbó. Mo ń rí àwọn ọmọ mi tí ebi ń pa. Ibẹ̀ ni ẹfọ̀n kan ti jáde sí mi. Kò bá mi jà nítorí ohunkóhun. Ẹfọ̀n kì í wá ìdí. Ó sọ orí kalẹ̀, ó ń bọ̀, èmi sì sá sẹ́yìn igi ìrókò kan. Ó gba ọ̀tún, mo gba ọ̀tún. Ó gba òsì, mo gba òsì. A yí igi náà ká títí òòyì fi ń kọ́ mi. Bí n kò bá ru ẹrù, ṣé ẹfọ̀n tó ń yí igi kan ká ni yóò yọ mí lẹ́nu? Ìbọn kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò lè kúrò lára ìkòkò. Ìwo rẹ̀ bó èèpo igi níbi tí ikùn mi ti kúrò. Ìbínú wá kún mi dé góńgó. Mo fa ìkòkò wá sí àyà mi, mo ti ẹnu bọ ẹnu rẹ̀, mo sì kó gbogbo ohun tó ti ń dùn mí láti àárọ̀ sínú rẹ̀. Mo ké pé ẹni tó dá òfin ìkòkò yìí sílẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́, kí ọbẹ̀ rẹ̀ máa jóná títí ayé. Ohùn tó jáde nínú ìkòkò náà kì í ṣe ohùn èèyàn. Ó dún, igbó gbà á, òkè gbà á. Ẹfọ̀n dúró, ó wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè, ó yí ìdí padà, ó sì sá lọ.

Mo gbé ìkòkò padà sórí, mo sì rìn títí afẹ́fẹ́ omi fi fẹ́ sí mi lójú. Mo gbọ́ igbe ọmọdé àti ohùn àwọn obìnrin. Oòrùn ṣì wà lókè igi, kò tíì wọ̀. Inú mi dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Mo tún òṣùká ṣe, mo na ọrùn, mo ń múra bí ojú mi yóò ṣe le bíi ti bàbá mi. Mo ti rí omi tó ń tàn láàrin ewé. Ìgbà náà ni ẹnì kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

"Ọdẹ́lékè, ìwọ nìyẹn?"

Bàbá Láníhùn ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa, ẹni tó sọ mí lórúkọ. Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ara tiyín ì bá ṣe. Orí mi kò rò ó. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi pàṣán kọ́ mi láti kékeré ló rò ó fún mi. Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá," mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìkòkò fò kọjá lórí mi. Mo na ọwọ́ sí i, ọwọ́ mi há sí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ bá gbòǹgbò igi pàdé, ó sì fọ́ yángá. Ọrùn ìkòkò nìkan ló kù ní apá mi, gbogbo ìyókù wà nílẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Mo ti kọjá lọ́dọ̀ ìgalà, mo ti bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Ẹ-Kú, iwin kò rí ìkòkò gbà lọ́wọ́ mi, ẹfọ̀n kò rí i fọ́, ìkíni ni mo fi fọ́ ọ, níwájú omi gan-an. Mo ti ba ọjọ́ náà jẹ́ fún ìyá mi, kò sì ní òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Láníhùn wo àpáàdì nílẹ̀. "Àwọn èèyàn máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́," ni ó wí. "Tìrẹ, agbè ló fọ́. Dìde, jẹ́ ká lọ."

Mo kọ́ ọrùn ìkòkò náà sọ́rùn ara mi, torí mo rò pé bí kò bá tíì kan ilẹ̀, bóyá adágún á ṣàánú mi. Báyìí ni mo ṣe jáde nínú igbó. Kò sẹ́ni tó hó, kò sẹ́ni tó kì mí. Àwọn ọmọdé ti sùn sórí ẹrù, àwọ̀n wà ní gbígbẹ, ìgèrè tí mo hun wà nílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ní àárọ̀. Ìyá mi jókòó sórí òkúta létí omi. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, kò kúkú sí ohun tó kù lórí mi tó lè jábọ́ mọ́. Mo ní, "Ìyá, mo ti bà á jẹ́. Ìkòkò ti fọ́."

Ó wo ohun tó wà lọ́rùn mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí Ayọ̀ká fi wá dì í mú kí ó má bàa ṣubú sómi. Ó ní kí n dìde, ó ní kí n jókòó ti òun.

"A gbọ́ ọ," ni ó wí. "Gbogbo wa la gbọ́ ohùn rẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fi wá pàdé rẹ. A gbọ́ ohun tí o sọ nípa ọbẹ̀ mi náà."

N kò mọ ibi tí n ó gbé ojú sí. Ó wá sọ ọ́ fún mi létí omi níbẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà níyàwó, igbó ni bàbá mi máa ń gbà wá sí adágún pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó dé nígbà tí wọ́n ti ń yan ẹja. Lọ́dún kejì, ọjọ́ kejì ló dé, ó gbé ìgalà lé èjìká, ó ń retí kí wọ́n yìn ín, bẹ́ẹ̀ òun ti dúró láti àárọ̀ títí alẹ́ pẹ̀lú èmi ọmọ ọwọ́ lẹ́yìn, òun ń wo ẹnu igbó. Òun sunkún lọ bá ìyá ọkọ òun. Obìnrin yẹn náà ti fẹ́ ọdẹ rí. Àwọn méjèèjì gbìmọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ìyá ọkọ náà kó gbogbo ẹbí jọ, ó ní adágún bá òun sọ̀rọ̀ lójú oorun, ó fẹ́ ìkòkò tí kò kan ilẹ̀. Ìyá mi ní ọdẹ tó ru ìkòkò kò lè yìnbọn, ọdẹ tí kò bá lè sọ ẹrù kalẹ̀ kò sì lè lúgọ de ẹran, kò sí ohun tó kù fún un ju kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

Mo bi í léèrè pé adágún ńkọ́. Ó ní adágún kò mọ ìkòkò. Omi ni.

"Kí ló wá dé tí ẹ kò ju àwọ̀n láti àárọ̀?"

"Mo ní mo fẹ́ ju àwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó wí. "N kò sọ pé mo fẹ́ ju ú nígbà tí o kò sí níbẹ̀."

Ìbínú mi ń wá ibi tí yóò gbà, kò rí i. Mo ní bàbá mi ló ṣe mí láàánú, wọ́n tàn án jẹ títí ó fi kú.

"Ta ló tàn án jẹ?" ni ó wí. "Bàbá rẹ mọ̀. Kí ìyá rẹ̀ tó kú ló sọ fún un. Ó bínú sí mi, ó ṣépè fún ọbẹ̀ mi bí o ti ṣe yẹn gẹ́lẹ́, ó ní òun kò ní í ru ìkòkò kankan mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ adágún, mo jí, mi ò rí i lórí ẹní. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ó wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ ìkòkò."

Oòrùn ti ń fọwọ́ kan orí igi. Mo gbé ìyá mi dìde, mo dì í mú ní ìbàdí, ó sì ju àwọ̀n. Ó ṣí lórí omi dáadáa. Ohun tó fà bọ̀ kò ju àrọ̀ kan àti epìyà mélòó kan lọ. Gbogbo ẹbí rọ́ sómi, wọ́n ń sáré pẹja, kò sì pẹ́ tí oòrùn wọ̀. Ọdún yẹn la pa ẹja tó kéré jù lọ, àwọn kan nínú ẹbí sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní. Nígbà tó ku ohun tí a ó fi sè é, Ayọ̀ká lọ síbi ẹrù rẹ̀, ó tú aṣọ kan, ó sì mú ìkòkò irin jáde. Mo wò ó. Ó ń wo ibòmíràn.

Orúnkún ìyá mi kò purọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn dé, kò lè lọ mọ́. Mo sọ fún gbogbo ilé pé òótọ́ ti hàn, pé ọ̀nà tó yí òkè po ni èmi náà yóò gbà, mo sì sọ ọ́ kíkan kíkan. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé kí ilẹ̀ tó mọ́, mo sì fọ ìkòkò tuntun. Ìyá mi wà lójú fèrèsé. Ó rò pé n kò rí òun.

Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí n kì í ru ú, inú sì ń bí mi lọ́dọọdún. Ọrùn èyí tó fọ́ ló wà lára ògiri yẹn, ẹ lè wò ó bí ẹ bá ń jáde. Ọyẹ́ ti ń fẹ́, omi ti ń fà, ọjọ́ adágún kò jìnnà mọ́. Bí ẹ bá pàdé mi nínú igbó, ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má kí mi.